Ta Ló Dá Egbò sí Màámi Lẹ́sẹ̀?

Màámi bọ́ sílípáàsì wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wọlé bọ̀, ni mo bá rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

"Màámi, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Kò sí nǹkan kan. Kò mà dùn mí."

Egbò ni o! Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ sílípáàsì tuntun tí mo rà fún wọn níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Àtọ̀gbẹ ti ń bá Màámi fínra láti ọdún mẹ́fà, egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í sì í ṣe ohun àmúṣeré.

Èmi kì í tètè fọkàn tán èèyàn. Alábàtà tó ta sílípáàsì náà fún mi rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ tí mo rà á, mo sì ti ń fura sí i látìgbà náà. Ó dá mi lójú pé ìṣó wà nínú bàtà náà. Mo mú bàtà náà, mo di Màámi lọ́wọ́ mú, ó di ìsọ̀ alábàtà.

"Ìṣó lẹ tà fún wa! Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!"

Kò bá mi jà. Ó fọwọ́ tẹ gbogbo inú bàtà náà, ó ní kí èmi náà tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìṣó. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí n kò gbà á gbọ́.

"Aǹtí, ta ló wọ̀ ọ́ wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á?"

"Èmi ni. Ẹsẹ̀ kan náà lèmi àti ìyá mi ní, kò sẹ́ni tí ò mọ̀."

Ó tẹ́ páálí sílẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lé e." Ó fi bírò fa ìlà yí ẹsẹ̀ Màámi ká, ó wá gbé bàtà lé ìlà náà. Háà! Ìka kékeré wọn wà níta pátápátá.

"Gígùn rẹ̀ bá wọn mu, fífẹ̀ rẹ̀ ni ò tó. Awọ orí rẹ̀ ló ń bó wọn. Ẹsẹ̀ wọn ti kú, kì í mọ ìrora mọ́, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi mọ̀ ọ́n lára. Bí ti ìyá tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ wọn. Aǹtí, ẹ máa gbé wọn lọ sọ́sibítù."

Ojú tì mí. Èmi gan-an ni ọ̀daràn tí mò ń wá.

Nọ́ọ̀sì tó fọ egbò náà ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ẹlẹ́sẹ̀ ni kó lọ ra bàtà, kó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kó wọ méjèèjì, kó dìde, kó rìn. Gìgísẹ̀ ò gbọdọ̀ yọ sẹ́yìn, ìka ò gbọdọ̀ yọ jáde, okùn sàǹdáàlì ò sì gbọdọ̀ fàlà sára. Bí àwọn alábàtà bá ní "á dẹ̀ tó bá yá," ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ní ti alátọ̀gbẹ, kó bi dókítà irú bàtà tó yẹ ẹ́, kó máa yẹ ẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́, kó má gbọ́kàn lé "kò dùn mí."

Ọ̀sẹ̀ méje ni egbò náà gbà kó tó jinná. Màámi ò bá mi wí rárá. Ṣe ni wọ́n ń sọ fáwọn aládùúgbò pé ọmọ àwọn ló ra bàtà náà, pé ó rẹwà gan-an. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra bàtà fún ìyá yín, mo bẹ̀ yín, ẹ mú ìyá dání lọ.