Ọmọ Ayò Mẹ́rìndínlógún

Kóòṣì Akóredé ka orí àwọn ọmọ náà, ó jẹ́ mọ́kànlá. Ó tún un kà, mọ́kànlá náà ni. Ó wá ń fi ìka kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka iṣu lórí ebè, síbẹ̀ méjìlá kọ̀, kò pé. Fèrè bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó balẹ̀, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Fawziyah dà?"

Àwọn ọmọ mọ́kànlá wo ara wọn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn yí ojú sí omi.

Omi ọ̀hún ò ṣeé wò. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan ni, lójú ọ̀nà Ṣẹkọ́nà ní ìlú Ẹdẹ, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti dúdú bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àná. Bí erin bá bọ́ sínú rẹ̀, o ò ní rí ìrù rẹ̀. Létí omi lọ́hùn-ún, lẹ́bàá yàrá ẹ̀rọ, níbi tí Fawziyah ti máa ń bẹ̀rẹ̀, híjáábù rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀. Agolo mílíìkì rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ayò sì wà nínú agolo náà.

Ọmọ ayò yẹn ló ba Akóredé lẹ́rù jù. Ẹgbẹ́ wọn ò ní aago ńlá ara ògiri. Ọmọ ayò ni wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí wọ́n wẹ̀: ọmọ kọ̀ọ̀kan ní agolo tirẹ̀ létí omi, bó bá wẹ̀ ẹ́ lọ tó wẹ̀ ẹ́ bọ̀, á ju ọmọ ayò sínú agolo, á tún bẹ́ lọ. Ẹni tí ọmọ ayò bá wà nínú agolo rẹ̀, ó ti wọ omi nìyẹn. Ẹni tó sì wọ omi tí kò jáde ńkọ́?

Akóredé ò rò ó dé ìparí. Ó kó sómi tòun ti ṣòkòtò, bàtà àti fóònù. Inú odò Ọ̀ṣun ló ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní kékeré, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n ní ẹja máa ń yà fún un lọ́nà. Lọ́jọ́ náà, ó ń jà fitafita nínú omi bí adìyẹ. Ó rì, ó fọwọ́ tálẹ̀, gbogbo ohun tó bá kàn án lọ́wọ́ ló ń rò pé ó jẹ́ apá ọmọ. Ewé ni. Ó tún rì. Ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan rírọ̀ kan tó ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀, àyà rẹ̀ já, ó já débi tí kò tún sí ibi tí yóò já dé mọ́. Tówẹ̀lì àtijọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló rì, kò sí igun tí kò fọwọ́ pa. Kò sí ọmọ níbẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù ba gbogbo wọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá kú sínú omi, ṣebí wọn ì bá rí i.

"Odò ti fà á lọ," ni obìnrin kan tó yà wò wọ́n láti ojú títì wí. "Ṣebí láti Ọ̀ṣun ni wọ́n ti ń fa omi yìí wá? Ibi tó ti wá náà ló gbà padà."

Páìpù tí wọ́n fi ń fa omi ọ̀hún ò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, eku tó bá yó ò lè gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè wọn páìpù? Àwọn ọmọ fi igbe ta. Ibi tí wọ́n ti ń ké ni ìyá Fawziyah ti dé. Fàtímọ̀ lorúkọ rẹ̀, iyọ̀ ló ń tà lọ́jà Tìmì, iyọ̀ ṣì funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó wulẹ̀ dúró níwájú Akóredé.

"Kóòṣì, ọmọ tí mo fà lé yín lọ́wọ́ dà?"

Akóredé lanu, omi ló jáde.

*

Ọlọ́pàá tó dé kò ga. Bí Ìnspẹ́kítọ̀ Ògúndáre bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí obìnrin náà bá sín ní Ṣẹkọ́nà, olè á jẹ́wọ́ ní Ara. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wo omi, ó sì sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

"Èmi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ o," ó sọ fún Akóredé. "Níbí la ó ti sọ̀rọ̀. Ìgbà wo lo rí ọmọ náà kẹ́yìn?"

"Aago mẹ́rin, Mádàámù. Wọ́n ń múra."

"O rí i tó wọ omi?"

Akóredé ń fún omi kúrò létí ṣòkòtò rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Mi ò rí i, Mádàámù. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń ka orí wọn kí n tó fọn fèrè. Lónìí nìkan ni mi ò kà á. Ìyá Aqeelah, ìyá ọ̀kan nínú wọn, ló ń bá mi jà."

"Wákàtí kan gbáko, o ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ò sí?"

"Fìlà rọ́bà dúdú kan náà ni gbogbo wọn ń dé, omi sì dọ̀tí. Nígbà tó yá, mo pè wọ́n jọ sí òdìkejì, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ ìdíje Òṣogbo. Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán ni mo kà wọ́n."

Ìnspẹ́kítọ̀ kọ nǹkan sílẹ̀. Akóredé rò pé orúkọ òun ló kọ, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ apànìyàn sí. Ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó ti ń rí bí irùngbọ̀n òun á ṣe hù dé orúnkún.

Wọ́n pe Ìyá Aqeelah. Kí ó tó jókòó ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo bá a jà! Aqeelah mi ló yẹ kó ṣáájú lọ́jọ́ ìdíje, ó wá fi Fawziyah ṣáájú. Kí ni mo fẹ́ ṣe, kí n máa jó? Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ni mo máa fi gbẹ̀san, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo ti sọ fún Fàtímọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ."

"Níbo lẹ wà nígbà tí fèrè dún?"

"Lórí àga yìí kẹ̀! Etí mi ló gbọ́ gbogbo ìrànkíràn tó ń sọ. Ó ní láti òní lọ, lọ-bọ̀ méjì ni ọmọ ayò kan, kì í ṣe lọ-bọ̀ kan mọ́. Mo ní ìyà wo lo fẹ́ fi jẹ àwọn ọmọ yìí? Ṣé ẹṣin ni wọ́n? Nígbà tó kó wọn lọ sódìkejì, mo tẹ̀ lé e lọ. Mi ò tíì jà tẹ́rùn."

Ẹni tó kàn ni Bàbá Ìyàndá, tó ń tọ́jú adágún náà. Ará Alájùé ni, kò ju bí ìgbálẹ̀ lọ. Akóredé ò lè wò ó lójú. Ní àná ni Akóredé halẹ̀ mọ́ bàbá náà pé bí omi náà ò bá mọ́ kó tó di ọjọ́ ìdíje, òun á fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì.

"Mọ́sáláṣí ni mo wà, Mádàámù," ni Bàbá Ìyàndá wí. "Mo lọ kírun Alásàrí. Igbe ni mo gbọ́ tí mo fi sáré wá." Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ikọ́ náà gbé e nílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n.

"Yàrá ẹ̀rọ yín ńkọ́?"

"Mo ti tì í láti àárọ̀."

"Ikọ́ yẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Ọyẹ́ ni, Mádàámù."

Ìnspẹ́kítọ̀ gbójú sókè. Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀run, ilẹ̀ sì tutù láti àná.

Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni fẹ́ rékọjá iná, ó sì rìn dé etí omi níbi tí àwọn agolo wà. Akóredé tẹ̀ lé e. Ìnspẹ́kítọ̀ ń dà wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà.

"Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Méje, ọ̀lẹ leléyìí. Mẹ́jọ."

Omi ń ro tótó lára gbogbo ọmọ ayò náà. Ó dé orí agolo Fawziyah, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Akóredé fẹ́ di ojú. Ọmọ ayò wọ̀nyẹn ni nǹkan ìkẹyìn tí ọmọ náà fọwọ́ kàn láyé.

"Mẹ́rìndínlógún," ni Ìnspẹ́kítọ̀ wí. "Fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ bí ẹ̀gúsí tí wọ́n sá sórí páànù.

"Kóòṣì, Fawziyah yìí, ṣé ọkọ̀ òfurufú ni?"

"Ó yára, Mádàámù, ṣùgbọ́n..." Akóredé wo ọmọ ayò, ó wo àwọn agolo yòókù. Orí rẹ̀ tó ti ń yí láti ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í dúró díẹ̀díẹ̀. "Mẹ́rìndínlógún ò lè ṣeé ṣe. Lọ-bọ̀ méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù!"

"Ọwọ́ tó kó o síbẹ̀ sì gbẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ọmọ yìí ò fi ẹsẹ̀ kan omi lónìí. Pa ẹnu rẹ mọ́, má sì jìnnà sí mi."

Ó yẹ kí inú Akóredé dùn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mìíràn ló gorí ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí nínú omi, níbo ló wà? Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbà pé inú omi ló wà?

*

Ìnspẹ́kítọ̀ padà sáàárín èrò, ó gbóhùn sókè.

"Bàbá Ìyàndá! A fẹ́ fa omi yìí gbẹ. Ẹ ṣí yàrá ẹ̀rọ, kí ẹ wọlé, kí ẹ tan ẹ̀rọ."

Bàbá Ìyàndá ò mira.

"Kọ́kọ́rọ́ ti sọnù, Mádàámù."

Ọlọ́pàá kan fi ìka fa okùn ọrùn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló wà nídìí okùn. Wọ́n jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá náà ń fi kọ́kọ́rọ́ lu ilẹ̀kùn kò-kò-kò bí ẹyẹ àkókó, kò rí ojú ihò. Níkẹyìn ó ṣí i, ó sì bẹ́ sẹ́yìn bí ẹni rí paramọ́lẹ̀.

Òórùn kan tú jáde, ó ta bí ata tí wọ́n dà síná. Ojú gbogbo èèyàn ń ṣomi. Àwọn ọmọ sá.

"Wọlé," ni Ìnspẹ́kítọ̀ wí.

"Mádàámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i ná."

"O tì í láti àárọ̀. Mọ́sáláṣí lo wà. Kí lo mọ̀ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀? Wọlé!"

"Yóò pa mí!" Bàbá Ìyàndá ṣubú sórí orúnkún.

Akóredé rí nǹkan kan nílẹ̀ yàrá náà, lẹ́bàá kẹ̀ẹ̀gì méjì. Pátákó pupa tí àwọn ọmọ máa ń dì mú bí wọ́n bá ń ta ẹsẹ̀ lómi. FAWZIYAH ni wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí i lára.

"Níbo lo gbé e sí?" Ìnspẹ́kítọ̀ tẹ̀ ba lé e lórí. "Níbo?"

Ó na ìka sẹ́yìn ilé. "Tánkì..."

Akóredé ò mọ ìgbà tó sáré. Ó fo ọgbà, ó fo kòtò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fo òtẹ́ẹ̀lì. Nínú igbó ẹ̀yìn ilé, tánkì rọ́bà dúdú kan dùbúlẹ̀, wọ́n fi páànù bo ẹnu rẹ̀. Ó fa páànù náà kúrò. Fawziyah ká jọ sínú rẹ̀ bí ọmọ ológbò, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ó wọ́ ọ jáde. Ó gbé etí lé àyà rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan àfi àyà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ tó ń lù kì-kì-kì. Ó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Ó ń kà bó ṣe kọ́ àwọn ọmọ: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ náà wúkọ́.

*

Ní ìta yàrá ilé ìwòsàn, Akóredé ló kọ́kọ́ béèrè.

"Mádàámù, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

"Ẹni tó kó ọmọ ayò síbẹ̀ mọ àṣà yín dáadáa. Ó mọ̀ pé bó bá tó ìgbà tí o máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, mẹ́rìndínlógún ló máa ń wà nínú agolo. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé o yí i padà lónìí. Àwọn ọmọ gbọ́. Ìyá Aqeelah gbọ́, ó tiẹ̀ jà sí i. Ìwọ lo sọ ọ́. Ta ló kù tó mọ ti àná tí kò mọ ti òní? Lẹ́yìn náà ni mo rántí ikọ́ ọyẹ́ inú òjò. Mo kàn ní kó wọlé ni. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, á wọlé."

Bàbá Ìyàndá ti jẹ́wọ́ fún wọn nínú ọkọ̀. Ó fẹ́ kí omi mọ́ kíákíá, ó da ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fọ omi àti ásíìdì pọ̀. Èéfín lé e jáde. Fawziyah wọlé lọ mú pátákó rẹ̀, ó ṣubú. Bàbá náà fa ọmọ náà jáde, ó rò pé ó ti kú, ó gbé e pamọ́. Nígbà tí gbogbo wọn wà lódìkejì, ó kó ọmọ ayò sínú agolo.

"Ó fẹ́ gbé e jù sómi bí ẹ bá ti lọ tán," ni Ìnspẹ́kítọ̀ wí. "Kí ẹ lè bá a níbẹ̀ lọ́la."

Òtútù mú Akóredé láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ tó ṣì ń mí. Bí kò bá ka orí wọn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, bó bá ní kí wọ́n máa lọ sílé lásán!

"Èmi ni mo halẹ̀ mọ́ ọn, Mádàámù."

"Mo mọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀la ni kí o wá, a ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ." Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ṣùgbọ́n wọlé ná. Fawziyah ń pè ọ́."

Fàtímọ̀ jókòó, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú bí ẹni pé ó lè fò lọ. Fawziyah yọ rọ́bà tó fi ń mí kúrò nímú. Ohùn rẹ̀ ń ha bí ṣíbí ìdí ìkòkò.

"Kóòṣì, wọ́n ní ọmọ ayò mẹ́rìndínlógún wà nínú agolo mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ẹ má kà á mọ́ mi o. Mi ò wẹ̀ ẹ́."

Akóredé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó na ìka kan, ó fi kan orí rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Méjìlá," ni ó wí.