Eyín Ṣọ́bìrì

"Ṣọ́bìrì, rọra rẹ́rìn-ín o, kí o má baà kó yẹ̀pẹ̀!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Eyín iwájú rẹ̀ kan fẹ̀ tó méjì, ìlà sì wà láàárín rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò tọ́jú rẹ̀ o. Dókítà eyín ti ya fọ́tò inú eyín náà, ó sì ti ṣàlàyé fún òun àti bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà.

"Eyín méjì ló lẹ̀ mọ́ra nígbà tí wọ́n ń hù. Gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ ní sùúrù, tó bá gbó, a ó tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Kí irin má kàn án o."

Ó gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni wọn yóò ya fọ́tò kíláàsì, ojú sì ń kán an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tún wá ń ta epo síná: "Ṣebí fáìlì ni bàbá ẹ fi ń pọ́n ayùn? Ṣé eyín ẹ le ju ayùn lọ ni?"

Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn fún oníbàárà, ọmọ náà dúró níwájú dígí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọn kò tíì kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì ha eyín. Ó dùn ún wọra, síbẹ̀ kò dúró.

Ó rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Láìpẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó fi pa mọ́ títí ọyún fi ń jáde.

"Inú eyín náà ti kú," ni dókítà wí. "Yíyọ ló kù."

Bàbá rẹ̀ gba eyín náà, ó fi áńkáṣíìfù dì í.

"Bàbá, ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyá ẹ ní irú ẹ̀." Ọmọ ọwọ́ ni ó ṣì jẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. "Ojú máa ń tì í. Kò sí fọ́tò tó ti lanu. Ìgbà tó o bá rẹ́rìn-ín nìkan ni mo tún ń rí i."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Mo rò pé àyè ṣì wà."

Àwọn méjèèjì sunkún dé ilé.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má ṣe torí ẹ̀rín ẹlẹ́yà ba ara yín jẹ́. Àwọn tó pè é ní Ṣọ́bìrì ti gbàgbé, ẹlòmíràn ni wọ́n ń bú báyìí. Bàbá rẹ̀ ni kò lè gbàgbé.