Fóònù Olómìnira àti Etí Bàbá

Fóònù méjì ló wà lórí tábìlì, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Àwọ̀ kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Téèpù búlúù pẹ́ńpẹ́ tí àbúrò bàbá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kan kó tó fi wọ́n ránṣẹ́ ni èèyàn fi lè dá wọn mọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó bá wọn wá fún ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé: "Èyí tó ní téèpù ni ti bàbá rẹ. Olómìnira ni, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan tó ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ti ra èkejì ní ẹ̀dínwó, abẹ́ àṣẹ wọn ló sì wà. Ìyẹn ni tìrẹ."

Ọmọbìnrin náà nìkan ló wà nílé lọ́sàn-án Àbámẹ́ta yẹn, òun àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Èmi-Làkọ́kọ́. Orúkọ náà bá a mu gan-an, nítorí kò sí ohun tuntun tó jáde láyé yìí tí kò ní sọ pé òun lòun kọ́kọ́ rí i. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n fi fóònù méjèèjì wéra.

Wọ́n tàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Olómìnira ti ṣí kí wọ́n tó ka ogún. Wọ́n ka ọgbọ̀n, èkejì ṣì ń fi àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe fáàrí. Nígbà tó wá ṣí tán, áàpù mẹ́rìnlá tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ ló gbé wá, wọn kò sì ṣeé yọ. Wọ́n wo ibi àtúnṣe tuntun, ìyẹn èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù máa ń fi ránṣẹ́ kí fóònù lè mọ iṣẹ́ sí i. Ti olómìnira ti dé. Èkejì ní kò tíì sí nǹkan kan, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ àtúnṣe náà wò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Bàbá rẹ kàn máa fi pe èèyàn ni," Èmi-Làkọ́kọ́ wí. "Ìwọ tó o fẹ́ fi kàwé ìdánwò ló yẹ kó o lo èyí tó yá."

Ọmọ náà mọ̀ dáadáa pé ìdánwò kọ́ lòun ń rò. Ohun tó ń rò ni bí òun á ṣe gbé e jáde ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí àlejò rẹ̀ lọ tán, ó fi èékánná ṣí téèpù náà jẹ́jẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì. Ọ̀kánjúwà àti olè, déédéé ni wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, pààrọ̀ lásán ló ṣe.

Ọ́fíìsì takisí ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń dá àwọn oníbàárà tó ń pè lóhùn, tó sì ń rán awakọ̀ lọ gbé wọn. Iṣẹ́ etí ni, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ gan-an ni kò gbọ́ dáadáa mọ́. Láàárín oṣù kan, ó ti rán awakọ̀ mẹ́ta lọ sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti pè wọ́n. Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ó ti sọ ọ́ kedere pé bí nǹkan kò bá yí padà títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíì á jókòó síbẹ̀, bàbá á sì lọ máa fọ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ra ẹ̀rọ etí kékeré kan tó lè gba ohùn tààrà láti inú fóònù, kó sì gbé e sínú etí rẹ̀ ketekete.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bàbá na ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá sí i. Lẹ́tà inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, ọmọ yìí ló sì máa ń bá a ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

"Akọ̀wé mi, kí ni wọ́n ní ká ṣe?"

Ó kà á. Ní ìlà kẹrin, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà kò ní bá fóònù tí kò tíì gba àtúnṣe tuntun ṣiṣẹ́. Irú èyí tó fi sílẹ̀ fún bàbá gan-an nìyẹn. Ó ṣe bí ẹni ń so wọ́n pọ̀, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, fóònù kọ̀. Bàbá ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, Bàbá," ó wí níkẹyìn. "Bóyá etí yín ò tíì mọ̀ ọ́n lára ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ bó ṣe wúwo tó.

Ní ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n rọ́ yí fóònù rẹ̀ ká gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n adùn kan kò sí níbẹ̀. Láràárọ̀ ló ń yọ́ wo fóònù bàbá bóyá àtúnṣe ti dé, kò sì dé. Lálaalẹ́ ni bàbá ń ki ẹ̀rọ bọ etí, tó ń yọ ọ́, tó ń nù ún, tó tún ń kì í bọ̀ ọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ti ilé-ìwé dé, ó gbọ́ ohùn bàbá nínú yàrá. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa kì í mọ̀ bí ohùn òun ṣe ròkè tó, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá ìyá sọ ló ń jáde síta. Ó ní òun fúnra òun lòun máa fi àga náà sílẹ̀ lọ́la kí wọ́n tó lé òun.

"Ẹ̀rọ tó dára jù lọ ni mo rà, kò sì gbà," bàbá wí. "Etí yìí ti kú. Kò ní pẹ́ mọ́ tí mi ò ní gbọ́ ohùn ọmọ mi."

Ọmọ náà kò lè dúró mọ́. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, etí yín ò kú," ó wí, ó sì gbé ohùn sókè kí bàbá lè gbọ́. Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: téèpù, àtúnṣe, ìlà kẹrin inú ìwé, irọ́ tó pa. Ìyá la ẹnu láti sọ̀rọ̀, bàbá na ọwọ́ sí i pé kó dúró ná.

"Ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé kì í ṣe etí mi?"

"Kì í ṣe etí yín. Fóònù ni. Èmi ni."

Bàbá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ tó ti múra sílẹ̀ fún ìyà kò mọ ohun tí yóò fi ẹ̀rín ṣe, ẹkún ló bú sí. Wọ́n pààrọ̀ fóònù, wọ́n so ẹ̀rọ pọ̀, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bàbá jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí ìyá pe òun. Wọ́n gbọ́ tó ń dáhùn pé òun ń gbọ́ ọ, pé òun tilẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Nígbà tó padà wọlé, ó pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìtura yìí pọ̀ débi pé kò jẹ́ kí n ráyè bínú," ó wí. "Ṣùgbọ́n fóònù kọ́ ló dùn mí. Ọjọ́ mẹ́rin lo fi ń wò mí tí mò ń sin etí mi láàyè. Ìwọ fúnra rẹ lo máa pe àbúrò mi, kó o sọ ohun tó o ṣe fún un. Ìwé mi náà, ó dìgbà díẹ̀ kó o tó tún bá mi kà á."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dùn ún jù, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gba ọ̀nà ọ́fíìsì takisí bọ̀ láti ilé-ìwé. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá gba ìpè márùn-ún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó tún un sọ. Ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó mi orí pé ó dára, ó sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ara tu ọmọ náà, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Àtúnṣe tuntun dé sórí fóònù tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí ohun tó ti bà jẹ́ nítorí pé ó pẹ́. Irọ́ ọjọ́ mẹ́rin péré ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, fóònù tó falẹ̀ kò lè pa yín lára, ẹ ní sùúrù fún un. Ohun tí ẹ bá ṣe tí kò dára, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ẹ ń parọ́ fún lè máa rò pé òun ni nǹkan ń ṣe.