Lẹ́tà Tí Olúyẹmí Kọ Fún Ara Rẹ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi ṣì wà láàyè, ó ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Ìlá, ní Ado yìí, ó ń gbọ́ rédíò. Ìyá Olúwabùnmi tó ń gbé iwájú ilé wa ṣì wà láàyè, kò sí ẹni tó mọ̀ pé àìsàn wà lára rẹ̀. Bàbá Ògúntúndé, olùkọ́ àgbà ní ilé-ìwé gíga, náà ṣì wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ọdún mẹ́ta péré ni mo ń sọ yìí o. Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, rọra jókòó. Nítorí rẹ ni mo ṣe ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́.

Ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí ni Olúyẹmí. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Orí rẹ̀ pé. Físíìsì ló kọ́, ìyẹn ìmọ̀ tí wọ́n fi ń wádìí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn àti ohun tó ń mú kí òkò tí a sọ sókè padà wá sílẹ̀. Òun ló ṣe ipò kìíní nígbà tí wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n ìgbéraga wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Bí mo bá pè é sí àdúrà àárọ̀, á ní, "Ìyá àgbà, ẹ bá mi kí Ọlọ́run yín. Ẹ ní mò ń kàwé." Á rẹ́rìn-ín, á sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ajíbádé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ kọ́ físíìsì náà ni. Ìbàdàn ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, wọ́n ń ṣòwò ní àdúgbò Fájuyì. Inú àwo kan náà ni òun àti Olúyẹmí ti ń jẹun nínú ilé mi. Bí mo bá se ìsápá, ti Ajíbádé ni mo kọ́kọ́ ń bù, nítorí ó mọ ènìyàn kí. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa pẹ̀lú. Èmi a máa sọ fún Olúyẹmí pé, "Wo ọ̀rẹ́ rẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Ilé-ìwé kan wà lókè òkun tó ń gba àwọn tó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì. Àwọn méjèèjì kọ̀wé síbẹ̀. Ilé-ìwé náà ní kí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n kọ lẹ́tà nípa ìwà àti iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí olùkọ́ náà sì fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láti orí ímeèlì tirẹ̀. Orúkọ Bàbá Ògúntúndé, tó kọ́ wọn, ni àwọn méjèèjì fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ojú Bàbá, Ajíbádé ló ń bá wọn ṣí ímeèlì, òun náà ló ń bá wọn fèsì.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní Ìgèdè, Bàbá ní, "Ẹ lọ kọ ọ́. Ẹ fi orúkọ mi sí i."

Olúyẹmí ní, "Sà, ṣé ká wá kà á sí yín létí?"

"Kí lẹ fẹ́ kà? Mo gbà yín gbọ́."

Ní ayé tiwa, kátíkísì ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń bá wa kọ lẹ́tà. A ó jókòó tì í. Bó bá parí, a ó ní kó kà á padà láti òkè délẹ̀, kí a tó tẹ àtàǹpàkò sí i. Ọ̀mọ̀wé ni Bàbá, ṣùgbọ́n ohun tí àwa púrúǹtù kì í ṣe ni wọ́n ṣe yẹn.

Ajíbádé kọ tirẹ̀, Olúyẹmí kọ tirẹ̀, kálukú yin ara rẹ̀ bó ṣe wù ú. Olúyẹmí fi tirẹ̀ lé Ajíbádé lọ́wọ́, kó lè fi ránṣẹ́ láti orí ímeèlì Bàbá. Lọ́jọ́ kẹta, Ajíbádé jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń jẹ àgbàdo, ó ní, "Mo ti fi méjèèjì ránṣẹ́. Lọ fọkàn balẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n."

Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni èsì dé. Wọ́n gba Ajíbádé. Wọ́n kọ̀wé sí Olúyẹmí pé àwọn kò lè gbé tirẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí lẹ́tà olùkọ́ rẹ̀ kò dé. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn rán olùkọ́ náà létí lórí ímeèlì rẹ̀, kò sì dá àwọn lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ta ló ń ṣí ímeèlì Bàbá?

Olúyẹmí lọ bá Ajíbádé ní iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn òbí rẹ̀ ní Fájuyì. Mo tẹ̀ lé e, nítorí mo ti rí ìbínú lójú rẹ̀.

"Ají, ṣé o fi lẹ́tà mi ránṣẹ́?"

"Mo fi ránṣẹ́ nà. Bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló gbé e."

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gbé tèmi, ó wá fi tìrẹ sílẹ̀?"

Ajíbádé wo ilẹ̀. Ó ní, "Yẹmí, o gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń mú láti ilé-ìwé wa. Ipò kìíní ni ìwọ. Bí lẹ́tà méjèèjì bá débẹ̀, ta ni wọn ì bá mú? Ìwọ náà ì bá ṣe é."

"N kì bá ṣe é."

"Ó dáa. Ẹni mímọ́."

Kò bẹ̀bẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Ìyá wa," ó sì wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọmọ tí mo bu ọbẹ̀ fún. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú ìjọ, ó fi orin dúpẹ́ pé Olúwa ló ṣílẹ̀kùn. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, n kò lè ṣe àmín.

Láti ìgbà náà, ìkórìíra gba ilé lọ́kàn Olúyẹmí. Kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ń rù. Ó ní òun yóò kọ̀wé sí ilé-ìwé náà pé Ajíbádé fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà tó ní Bàbá kọ, kí wọ́n lè lé e kó tó débẹ̀. Mo ní, "Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Ó ní, "Ọlọ́run yín náà ló gba ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." 

Ó wá gbọ̀nà Ìgèdè lọ, kí Bàbá lè jẹ́rìí sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Àìsàn ti dá Bàbá dùbúlẹ̀. Wọ́n ní, "Wọlé, ulé rẹ nì yí." Olúyẹmí rojọ́ tán. Bàbá ní, "Ajíbádé kọ tirẹ̀. Tìrẹ ńkọ́? Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ká kọ ọ́."

"Ṣé ó wà lọ́wọ́ rẹ? Kà á sí mi létí."

Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ tó ṣe fún mi nìyí: "Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ni, n kò rí irú ọmọ yìí. Onírẹ̀lẹ̀ ni."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ ọ́? Máa kà á lọ."

"Olóòótọ́ ni. Kò..." Ibẹ̀ ló ti gbé fóònù náà sílẹ̀. Ohun tó kàn nínú lẹ́tà náà ni pé, kò purọ́ rí. Ẹnu Bàbá ló fi sọ ọ́, Bàbá kò sì mọ̀. Ẹ̀rí tó gbé wá láti fi dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́bi, òun fúnra rẹ̀ ló dá lẹ́bi.

Bàbá na ọwọ́, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Olúyẹmí, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Mo fi orúkọ mi fún yín bí ẹni yáni ní àpò. Ṣùgbọ́n gbọ́. Bí gbogbo wa ṣe ń tọ Ọlọ́run lọ nì yẹn. A ó kọ lẹ́tà nípa ara wa, pé a kì í jalè, pé a kì í pànìyàn, pé a sàn ju aládùúgbò wa lọ. Ọlọ́run kì í gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ rere nípa wa níwájú rẹ̀, Jésù tó kú sí ipò wa. Òun kò sì ní parọ́ nítorí wa. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ló máa ń sọ, kó tó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ hàn. Ṣé wàá jẹ́ kí ó sọ tìrẹ?"

Ọmọ mi tí kì í kúnlẹ̀ kúnlẹ̀. Ó ní ẹkún ni òun kọ́kọ́ sun, àdúrà tó tẹ̀ lé e kò gùn rárá: "Jésù, opùrọ́ ni mí. Gbà mí." Nígbà tó dé Òkè-Ìlá, ó jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló pe èmi sí àdúrà.

Kò kọ ìwé ẹ̀sùn yẹn mọ́. Ṣé ilé-ìwé náà wá gbà á? Rárá. Ó ṣì wà ní Ado yìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ohun tí Ajíbádé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò padà. Ó ń dun èmi ju bó ti ń dùn ún lọ, mo ṣì ń tọrọ oore-ọ̀fẹ́ lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó lọ sí Ìgèdè yẹn, Bàbá ti rán an sí Ajíbádé: "Sọ fún un kó wá. N kò bínú. Mo kàn fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, kí n lè fi ẹnu tèmi dárí jì í." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Olúyẹmí jẹ́ iṣẹ́ náà. Ojú Ajíbádé pọ́n, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Màá lọ. Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ físà yìí ná. Sátidé, màá débẹ̀."

Ó dé Ìgèdè ní Sátidé lóòótọ́. Àwọn tó wá kí ará ilé Bàbá kú ọ̀fọ̀ ló bá lójúde.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, Sátidé wo ni ìwọ ń dá? Lẹ́tà wo lo kọ nípa ara rẹ, tí o ń rò pé Ọlọ́run yóò gbà? Bóyá ìwọ ni wọ́n dà, tí ìkórìíra ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Bóyá ìwọ lo da ẹlòmíràn, tí o sì ń fi orin bò ó. Jésù ń pè ọ́, kò bínú. Má parí nǹkan kan ná. Níbi tí o wà yẹn, sọ òtítọ́ fún un, lónìí, kí o tó ká ìwé yìí.

Ṣìkẹ́, ọmọ Bàbá, ló sọ bó ṣe rí lọ́jọ́ Ẹtì, tó ku ọ̀la kí Ajíbádé dé, fún wa. Ó ní nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ lù, bàbá òun ní kí òun lọ wo ojú ọ̀nà bóyá Ajíbádé ń bọ̀. Ó lọ, ó wò, ó ké láti ẹnu ọ̀nà pé, "Kò tíì sí ẹnì kankan, sà." Nígbà tó padà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, Bàbá ti kú.