Nọ́ọ̀tì Tí Látífàt Tú

"Látífàt, o lè de gbogbo èyí tó kù, àmọ́ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì yìí. Àwọn tó ṣe é ló fi ọ̀dà pupa dí i. Ibi tí wọ́n fi í sí ni kó wà."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gá Ràmọ́nì mẹkáníìkì sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kó tó lọ kírun Alásárì. Tọ́bò ni wọ́n ń dè mọ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ àtijọ́ Màmá Delight, tó ń kó ẹja láti etí ọ̀sà Ìlàjẹ lọ sí Ìbàdàn. Tọ́bò a máa fi agbára èéfín ọkọ̀ fẹ́ atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ọkọ̀ bá sáré gan-an. Ṣùgbọ́n tuntun yìí ní abẹ̀bẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń fún ọ̀nà èéfín pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, tó sì ń ṣí i nígbà tó bá ń sáré. Nọ́ọ̀tì yẹn ló ń sọ ibi tí wọ́n lè fún un dé, kí atẹ́gùn má baà pọ̀ jù.

Gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò Pedro ló ti fi Ọ̀gá Ràmọ́nì ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá Ọlápọ̀sí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ní arúgbó ẹ́ńjìnnì ò lè gbé irú tọ́bò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Ràmọ́nì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta ló fi ya iṣẹ́ náà, tó sì ṣírò rẹ̀, sínú ìwé.

Awwal, ọmọ kíláàsì Látífàt, ló wá bá a níbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ kírun. "Mo wò ó lórí fóònù. Tó o bá tú nọ́ọ̀tì yẹn díẹ̀, ọkọ̀ yìí á máa fò ni. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Látífàt nìkan ni ọmọbìnrin tó ń di sípánà mú ládùúgbò náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ojo. Ó tú nọ́ọ̀tì náà ní ààbọ̀ ìyípo.

Lọ́jọ́ kejì, dẹ́rẹ́bà Màmá Delight wa ọkọ̀ náà yí òpópónà Bajulaiye ká, ọkọ̀ náà sì ń fà kíkankíkan. Ọ̀gá Ọlápọ̀sí yọjú, ó sì padà wọlé. Orí Látífàt wú. Ó fẹ́ sọ ohun tó ṣe, ó wo ẹ̀rín ẹnu bàbá rẹ̀, ó dákẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ náà kò kọjá Ògèrè lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí orí ẹ́ńjìnnì sì jó. Wọ́n wọ́ ọ padà sí Pedro pẹ̀lú ẹja tó ti ń rùn.

"Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?" ni Ọ̀gá Ọlápọ̀sí wí.

Ọ̀gá Ràmọ́nì tẹrí ba fún Màmá Delight. "Ẹ má bínú, ìyá. Ìṣirò mi ni kò pé. Mi ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́." Ó ká ìwé tó ya iṣẹ́ náà sí, ó jù ú sínú gálọ́ọ̀nù ìdọ̀tí.

Ó ká Látífàt lára. Ká ní bàbá rẹ̀ pariwo ni, bóyá ìbá ṣì dákẹ́.

"Bàbá, ìṣirò yín pé. Èmi ni mo tú nọ́ọ̀tì yẹn nígbà tí ẹ lọ kírun."

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo nọ́ọ̀tì náà. Ọ̀dà pupa náà ti sán. "O rí ọkọ̀ yìí tó ń lọ, o ò sọ̀rọ̀?"

Látífàt kúnlẹ̀.

"Ọmọ yìí bà mí lẹ́ja jẹ́," ni Màmá Delight wí. "Àmọ́ ó ti jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ yín dáa. Ọ̀gá, ẹ tún un ṣe."

Ọ̀gá Ràmọ́nì gba sípánà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ní gbogbo ọlidé iléèwé yẹn, kẹrosíìnì ni Látífàt fi ń fọ irin. Awwal kò yọjú mọ́. Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe tán, tó lọ sí Ìbàdàn tó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìdákú, Ọ̀gá Ọlápọ̀sí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá yá ìwé tí Látífàt ti yọ nínú ìdọ̀tí.

Ọjọ́ yẹn ni bàbá rẹ̀ dá sípánà padà fún un. Látífàt mú ọ̀dà èékánná pupa rẹ̀ wá, ó fi kun orí nọ́ọ̀tì náà lójú gbogbo wọn. Ó ti yé e pé ohun tó tú ní ààbọ̀ ìyípo, ààbọ̀ ìyípo náà ni ìbá fi dè é padà, ká ní ó sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ṣe ohun tí kò yẹ, kó tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó ru ẹ̀bi rẹ̀.