Àwòrán Àná Lójú Bàbá Ẹkúndayọ̀

Kùùù, kùùù, kùùù: bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ńlá inú ọ́fíìsì irúgbìn tó wà ní Adégbayì máa ń kùn bí oyin inú ihò igi, nígbà tí igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé níbẹ̀. Bó bá ti ń kùn báyìí, ọkàn Láyí a balẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1994, ohùn ẹ̀rọ náà yí padà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè.

Láyí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé girama ni, ó ń retí èsì ìdánwò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àwọn tó ń ka àkọsílẹ̀ irúgbìn láti yàrá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kà á nìkan, tí kò ní fọwọ́ kan nǹkan, kọ̀ǹpútà a ya àwòrán àkọsílẹ̀ fún un bó ṣe wà nígbà tó ṣí i. Bí àwọn yòókù tilẹ̀ ń kọ tuntun, tirẹ̀ kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì pa á dé, kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ gbá ohun àtijọ́ dànù. Yóò máa kó wọn pa mọ́ nítorí rẹ̀ ni, títí àyè yóò fi tán.

Láyí wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣí àwòrán sílẹ̀ láti àná: Bàbá Ẹkúndayọ̀.

Ta ni kò mọ Bàbá? Àgbà ìjọ Kérúbù ni wọ́n, wọ́n sì ti ń fi kẹ̀kẹ́ bẹ àwọn àgbẹ̀ ọ́fíìsì náà wò káàkiri abúlé Lágelú kí a tó bí Láyí. Bí wọ́n bá ṣí àkọsílẹ̀, wọ́n á máa ka orúkọ àwọn àgbẹ̀ wọn bí ẹni ń ka Sáàmù, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn náà ló bá Láyí wá iṣẹ́ yìí.

"Lọ sọ fún wọn," ni Gbọ́njúbọ́lá wí, ọmọbìnrin tó ń tẹ àkọsílẹ̀ tuntun wọlé.

"Kí n sọ fún Bàbá pé kí wọ́n dìde nídìí nǹkan wọn? Ṣé o fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ni?"

"Ó yá, gé e látibí. Ká sọ pé iná ló ṣẹ́jú."

"Kí n wá purọ́ fún wọn?"

"O ò ní sọ, o ò ní gé e. Ojo! Olùṣọ́ tí ẹran ń ṣọ́!"

Láyí rìn dé ẹnu ọ̀nà Bàbá. Ó gbọ́ tí wọ́n ń kọ orin ìjọ wọn jẹ́jẹ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, kọ̀ǹpútà kọ̀, kò gba nǹkan kan mọ́. Ìgbà náà gan-an ni Alhaja Fàtímọ̀, tó ń gbin irúgbìn àgbàdo ní ìtòsí Lálúpọn, kó àpò wọn dé. Lọ́rì tó ń kó irúgbìn lọ sí Òkè-Ògùn ti ń hó lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ àpò tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́.

"Ọmọ mi, tètè kọ tèmi."

"Ẹ̀rọ ò gbà á, mà."

"Ṣé ó yó ni?" Alhaja rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí lọ́rì lọ, ẹ̀rín náà bá a lọ. Wọ́n jókòó lórí àpò wọn.

Bàbá jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Láyí dọ̀bálẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

"Èmi ni mo dí ọ̀nà mọ́ Alhaja?" ni Bàbá wí. "O rí mi, o sì ń wò mí?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, sà."

"Ọ̀wọ̀ kọ́, ẹ̀rù ni. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó fẹ́ràn àgbà ló ń kìlọ̀ fún àgbà. Dìde jàre, wá bá mi bẹ Alhaja."

Wọ́n bẹ̀ wọ́n. Bàbá pa àwòrán wọn dé, wọ́n sì kó àpò náà sí yàrá tiwọn, kí eku má bàa dé ibẹ̀ títí lọ́rì mìíràn yóò fi dé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Alhaja ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, wọ́n ń retí kí a kọ àpò wọn kí lọ́rì tó dé, ẹ̀rọ sì tún ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láyí wo ojú ẹ̀rọ: Bàbá tún ti ṣí àwòrán, wọ́n ti gbàgbé ara wọn sídìí rẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá wò ó, ó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Láyí yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ti yé e báyìí pé ọ̀wọ̀ tí kò lè sọ òótọ́ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Èèyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi í ránṣẹ́ sí Bàbá:

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Àwòrán àtàárọ̀ lẹ ṣì ń wò, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á dé, kí àgbàdo Alhaja lè ráyè wọlé. Bó bá wọlé tán, èmi fúnra mi á wá bá yín ṣí tuntun."