Ìbọ̀wọ́ Tí Wọ́n Fi Ń Ya Fọ́tò

"Ẹ tètè bọ́ ọ, àwọn àlejò ti jáde!"

Mátírọ́ọ̀nù na ọwọ́. Àwa nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ bọ́ aṣọ ààbò àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn tí wọ́n fi ya wá ní fọ́tò níwájú àwọn àlejò tí ìjọba rán wá yẹ ilé ìwòsàn wa wò. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kù fún wa, èyí tó máa ń ya kí ènìyàn tó wọ̀ ọ́ tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí níbẹ̀. Àǹtí tó ń kọ́ mi níṣẹ́ gbé ìgò oògùn, ó fẹ́ pò ó. Oyún wà nínú rẹ̀. Méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ wa sì ti kìlọ̀ pé oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ kì í mọ ta ni aláìsàn, ta ni olùtọ́jú. Bó bá ta sí ni lára, ó lè ba oyún jẹ́.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Àǹtí wọ èyí tó nípọn."

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń fọwọ́ lásán pò ó. Ṣé mo kú ni?"

"Wọn ò kú," Àǹtí sọ ọ́ sí mi létí, "èékánná wọn tó ti dúdú yẹn ló kú."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ojú Mátírọ́ọ̀nù le. "Èmi ni n ó sọ bóyá o yege níbí o! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Mo rántí màmá mi, tó ń retí ọjọ́ tí n ó di nọ́ọ̀sì. Mo tẹrí ba, mo ń to abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Àǹtí rọra fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Mo sáré jáde.

Àwọn àlejò kò tí ì wọ ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà wá wo ọwọ́ wa báyìí."

Wọ́n bá Àǹtí nídìí ìgò, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti ya ní àtàńpàkò.

"Èyí tó nípọn wọ́n gan-an, sà," Mátírọ́ọ̀nù ń kólòlò, "a ò fẹ́ kó tètè tán."

Àǹtí gbójú sókè. "Ọmọ mi ńkọ́, Mà? Ṣé òun ni kò wọ́n?"

Àwọn àlejò ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé Àǹtí kúrò nídìí oògùn pípò. Ṣùgbọ́n Mátírọ́ọ̀nù kọ ọ́ pé mi ò yege, mo sì tún kíláàsì yẹn ṣe. Mo sunkún, màmá mi náà sunkún.

Nígbà tí Àǹtí gbé ọmọ rẹ̀ wá kí wa, igbe ọmọ náà gba gbogbo ilé. Inú wa dùn. Síbẹ̀, àwọn méjì tí kò ráyè ké ńkọ́? Ta ni yóò dáhùn fún wọn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ń tọ́jú ènìyàn, ènìyàn lòun náà. Ìbọ̀wọ́ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò bo ọwọ́ ẹnì kankan. Bí ẹ bá rí irú ìwà ìkà bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ìdánwò pa yín lẹ́nu mọ́. Kíláàsì ṣeé tún ṣe. Ẹ̀mí kò ṣeé tún ṣe.